Bí ilé-iṣẹ́ ẹja kékeré ní erékùṣù ṣe lè tajà sókè òkun: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí yóò gbé e

Kì í ṣe àìsí ẹja ló ń dá ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ẹja kékeré tó wà ní erékùṣù dúró. Òkun ló yí wọn ká, àwọn apẹja wọn sì mọ ibi tí ẹja ń gbà kọjá lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé wọ́n máa ń wá oníbàárà kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n lè gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á lọ síbi ìpàtẹ ọjà, wọ́n á pàdé ẹni tó fẹ́ máa ra tọ́ọ̀nù 20 lóṣooṣù, inú wọn á dùn, wọ́n á sì padà sílé. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó rí i pé ọkọ̀ tó lè gbé ẹja dídì kì í yà sí èbúté wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì lọ, àti pé orílẹ̀-èdè oníbàárà náà kò tíì fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ wọn rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ìtọ́sọ́nà yìí ti ń bọ̀ wá síwájú. Ọkọ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ẹja, òtútù, ilé-iṣẹ́ àti ìwé. Oníbàárà ni a ó wá nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀.

1. Ọkọ̀ ló ń yan irú ọjà tí ẹ ó tà

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí ẹrù ń gbà kúrò ní erékùṣù yín sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú wo ló ń wá, lọ́jọ́ wo, kílò mélòó ni àyè rẹ̀ sì máa ń gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó àpótí àwọn èrò tán? Ọkọ̀ ojú omi wo ló ń yà, ṣé ó ní ibi tí wọ́n ti lè fi iná sí kọ̀ǹténà tútù, èbúté wo ni wọn yóò sì ti gbé ẹrù náà sínú ọkọ̀ mìíràn? Ẹ kọ iye ìgbà tí ọkọ̀ yẹn kò wá lọ́dún tó kọjá nítorí ìjì tàbí nítorí pé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Èmi a máa gbára lé iye yìí ju àkókò tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ sórí ìwé lọ.

Ẹ wá ṣe ìṣirò ọjọ́. Ká ní ẹja yín lè wà nínú yìnyín fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di ohun tí a kò lè tà mọ́. Ó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ọkọ̀ apẹja, ọjọ́ kan ní ilé-iṣẹ́, ọjọ́ méjì lójú ọ̀run àti ní ibodè. Oníbàárà náà yóò fẹ́ kó ṣẹ́ ku ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ kan péré ló kù tí ẹ lè fi dúró de ọkọ̀ òfurufú. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn ń wá, ẹja tútù kì í ṣe iṣẹ́ yín, bó ti wù kí ẹja náà dára tó. Ẹja dídì, ẹja gbígbẹ, ẹja yíyan tàbí ti inú agolo ni kí ẹ dojú kọ.

Tristan da Cunha fi èyí hàn kedere. Erékùṣù yẹn wà láàrin gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, ó jìnnà sí Cape Town ju 2,700 kílómítà lọ, kò sì sí pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó ọ̀ọ́dúnrún. Síbẹ̀ alákàṣà tí wọ́n ń kó láàrin àpáta inú òkun wọn ń dé òkèèrè, ó sì wà lára ohun tí owó erékùṣù náà dúró lé jù lọ. Ohun tí wọ́n yàn bá ọkọ̀ wọn mu: ọjà olówó iyebíye, tí a dì, tó lè dúró de ọkọ̀ láìbàjẹ́, tí owó ọkọ̀ kò sì lè jẹ èrè rẹ̀ tán.

Tó bá jẹ́ kọ̀ǹténà ni ẹ ó lò, ẹ rántí pé kọ̀ǹténà tútù kì í di ẹja. Òtútù tó bá nínú ẹja ló ń tọ́jú. Ẹja tó wọ inú rẹ̀ ní -10°C yóò wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, òun náà ni wọn yóò sì kọ̀ ní èbúté. Ó gbọ́dọ̀ ti tutù dé -18°C títí dé àárín kí ẹ tó kó o sínú rẹ̀. Kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40 máa ń gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù 25. Tí yóò bá gbà yín tó oṣù mẹ́rin kí ẹ tó kó ẹja tó kún un, yàrá òtútù yín gbọ́dọ̀ gba ẹja oṣù mẹ́rin, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní owó díísù tí yóò gbé ẹ̀rọ iná fún oṣù mẹ́rin. Àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta lè jọ kún kọ̀ǹténà kan, tí wọ́n bá jọ ń tà fún oníbàárà kan náà, tí ìwé oníkálukú sì dá dúró. Mo rò pé ọ̀nà yìí dára ju kí ilé-iṣẹ́ kan dá yá owó kọ́ yàrá òtútù ńlá lọ.

Ní ti ọkọ̀ òfurufú, ẹ bèèrè òfin ilé-iṣẹ́ náà kí ẹ tó ra páálí fómù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ yìnyín olómi nínú ẹrù nítorí pé omi iyọ̀ ń jẹ irin ọkọ̀. Yìnyín gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń fi gáàsì carbon dioxide ṣe, wà lára ẹrù eléwu tí a ń fi nọ́mbà UN 1845 kéde. Ẹni tó bá fi í pamọ́ sínú páálí láìkéde rẹ̀ ń fi ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ wewu.

2. Ẹ mú ẹja kan, ó pọ̀ jù méjì

Gbogbo ohun tó bá wọ àwọ̀n kọ́ ni a ń gbé lọ sókè òkun. Ẹ wo ìwé ìpẹja ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ wo ẹja tó ń wá déédéé, tí àwọn aláṣẹ kò sì sọ pé ó ń tán lọ. Tó bá jẹ́ tuna, àjọ àgbègbè kan ló ń darí ìpẹja rẹ̀: WCPFC ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín òkun Pàsífíìkì, IOTC ní òkun Íńdíà, ICCAT ní òkun Àtìláńtíìkì. Òfin wọn de ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú.

Ẹja kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó yàn án. Àwọn ẹja ńlá inú àpáta òkun ilẹ̀ olóoru, bíi barracuda, grouper àti àwọn snapper kan, lè ní oró ciguatera nínú. Oró yìí kì í yí òórùn ẹja padà, kì í yí adùn rẹ̀ padà, iná kì í pa á, òtútù kì í pa á. EU, ìyẹn àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kò gbà kí ẹja tó ní in wọ ọjà rẹ̀. Àwọn apẹja àgbà sábà máa ń mọ àpáta tí ẹja rẹ̀ ti pa àwọn ènìyàn lára rí. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fàmì sí àwọn ibẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ má sì ra ẹja tó bá ti ibẹ̀ wá fún títà sókè òkun.

Mẹ́kúrì máa ń pọ̀ lára ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òfin EU fi 1 mílígíráàmù nínú kílò kan ṣe òpin fún tuna àti ẹja onídà. Ẹ̀kúùsá, ìyẹn shark, àti konk, ìgbín ńlá inú òkun Karíbíà, wà lára ohun tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, ń ṣọ́: konk látọdún 1992, oríṣìíríṣìí ẹ̀kúùsá lẹ́yìn náà. Láìsí ìwé àṣẹ CITES, wọn yóò gba ẹrù náà sílẹ̀ ní ibodè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìṣirò ohun tí ẹja ń sọ nù lábẹ́ ọ̀bẹ. Ká ní 100 kílò ẹja odindi wọlé, tí 45 kílò ẹran tí kò ní eegun sì jáde. Iye tí ẹ ra kílò kan ti ju ìlọ́po méjì lọ kí ẹ tó kan owó iná, owó òṣìṣẹ́, páálí àti ọkọ̀. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ wọn èyí ní ilé-iṣẹ́ yín, ní oṣù tí ẹja sanra àti oṣù tó rù. Ẹni tó bá mú iye yìí nínú ìwé ẹlòmíràn ti gbé owó rẹ̀ lé ọ̀bẹ tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

3. Òtútù bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀ apẹja

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹrù erékùṣù ti ń bàjẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tó rí i.

Nínú ẹran tuna, mackerel, sardine àti mahi-mahi, ohun kan wà tó ń jẹ́ histidine. Bí ẹja bá kú, tí a sì fi í sílẹ̀ nínú ooru, bakitéríà á sọ histidine di histamine. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á pọ́n, orí á fọ́ ọ, ara á máa yún un. Bí histamine bá ti wà nínú ẹran, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn: sísè, dídì àti agolo kò lè yọ ọ́. Nígbà tí EU bá ń yẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ wò, ẹja 9 ni wọ́n ń mú nínú ìpín ẹrù kan. Àròpín wọn kò gbọ́dọ̀ ju 100 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ, méjì péré ló lè wà láàrin 100 sí 200, ìkankan kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 200. Ẹja kan tó sùn sórí pákó ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán tó láti ba gbogbo ìpín náà jẹ́.

FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní wákàtí. Tí afẹ́fẹ́ tàbí omi bá gbóná ju 28.3°C lọ, irú ẹja yìí gbọ́dọ̀ ti wọ inú yìnyín láàrin wákàtí 6 sí ìgbà tó kú. Tí kò bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, wákàtí 9 ni. Fún ẹja tó kú sórí okùn gígùn tàbí nínú àwọ̀n, ìgbà tó kú gan-an ni wákàtí náà ti ń ka, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n fà á sókè. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n sílẹ̀ mọ́jú gbọ́dọ̀ yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà.

Yìnyín mélòó? Láti mú 10 kílò ẹja tó wà ní 30°C wá sí 0°C, nǹkan bí 3 kílò yìnyín ló ń yọ́. Ìṣirò yẹn dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n ooru afẹ́fẹ́, ara ọkọ̀ àti ọwọ́ tó ń ṣí ìdérí nígbà gbogbo ń jẹ yìnyín náà. Ní ilẹ̀ olóoru, kílò yìnyín kan fún kílò ẹja kan ni kí ẹ gbé jáde. Omi tó ṣeé mu tàbí omi òkun tó mọ́ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ dá ìsàlẹ̀ àpótí lu kí omi yìnyín lè máa jáde, nítorí pé ẹja tó bá ń wẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kì í pẹ́.

Bí ẹja ńlá bá ti wọ ọkọ̀, ẹ pa á kíákíá, ẹ tu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ yọ ìfun àti ẹ̀yà tó fi ń mí, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì rì í sínú omi òkun tí a da yìnyín sí. Ẹ kó yìnyín sínú ikùn rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá dé ilé-iṣẹ́, ẹ gún ibi tó nípọn jù lára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, kí ṣóńṣó tẹ̀mómítà dé àárín ẹran. Awọ lè tutù kí àárín ṣì gbóná. Ohun tó bá ju 4°C lọ nínú ẹja tó ti pẹ́ lójú omi, ẹ má gbà á fún ọjà òkèèrè.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé kékeré tí omi kò lè bàjẹ́: orúkọ ọkọ̀, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti pẹja, ohun tí wọ́n fi pa á, àsìkò tí ẹja àkọ́kọ́ wọlé, àsìkò tó wọ yìnyín. Àwọn apẹja kò ní fẹ́ kọ ọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀: iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ tutù, owó kan náà ni wọ́n sì ń gbà bí wọ́n kọ ọ́ tàbí wọn kò kọ ọ́. Ẹ san owó méjì. Ẹja tó tutù, tó sì ní ìwé, ẹ rà á ní owó gidi. Èyí tí kò ní, ẹ rà á ní owó ọjà ilé, kó má bá ti òkèèrè dàpọ̀. Ẹja tútù ni a ń ká. Ẹ fi èyí kọ́ wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé tí wọ́n bá ti mọ ọ̀nà mìíràn fún ọdún kan, ó máa ṣòro láti yí i padà.

4. Ilé-iṣẹ́ àti ètò HACCP

HACCP ni ètò tí a fi ń wá ibi tí ewu ti lè wọ oúnjẹ, tí a sì ń ṣọ́ ibẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà lórí HACCP ẹja ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1997, EU náà sì ń béèrè fún un. Ẹ má da ètò ilé-iṣẹ́ mìíràn kọ. Ẹ tẹ̀lé ẹja yín láti ẹnu ọ̀nà dé inú kọ̀ǹténà, kí ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Fún ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń di tuna, ibi tó ṣe kókó kì í sábà pọ̀: ibi tí a ti ń gba ẹja wọlé nítorí histamine, iye wákàtí tó ń lò lórí tábìlì, àti irin tó lè já sínú ẹran. Tó bá jẹ́ edé ni ẹ fi sulphite sí kí ó má baà dúdú, ẹ kọ ọ́ sára páálí, nítorí pé ó lè pa ẹni tó ní ikọ́ fée.

Ẹni kan ní ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ HACCP ẹja. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró kódà tí olówó bá ń pariwo.

Omi ni ìṣòro àwọn erékùṣù. Ẹ mú omi lọ sí láàbù kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun, kí ẹ sì tún máa mú un lọ lóòrèkóòrè. Tó bá jẹ́ omi òjò ni ẹ ń lò, ẹ wo òrùlé àti ohun tí àwọn ẹyẹ ń ṣe lórí rẹ̀.

Fún àwọn tó ń yan ẹja: èéfín igi ń fi ohun tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sára ẹja. Òpin EU fún benzo(a)pyrene nínú ẹran ẹja yíyan ni 2 máíkírógíráàmù nínú kílò kan, àpapọ̀ mẹ́rin irú rẹ̀ sì ni 12. Ààrò tí ọ̀rá ẹja ń kán sórí iná rẹ̀ kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ òpin yìí. Ààrò FTT, tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Thiaroye ní Senegal jọ ṣe, ní àwo tó ń gba ọ̀rá kí ó má kán síná, ó sì ń sẹ́ èéfín. Ẹ yan díẹ̀, ẹ gbé e lọ sí láàbù, kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

5. Ìwé àṣẹ: ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ yín

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ọjà EU, ẹ bi iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja ní ìbéèrè méjì. Ṣé orílẹ̀-èdè wa wà lórí àkójọ àwọn tí EU gbà kí wọ́n máa kó ẹja wá? Ṣé EU ti kìlọ̀ fún wa lórí ìpẹja tí kò bófin mu? Tí orílẹ̀-èdè kò bá sí lórí àkójọ, kò sí ìwé kankan tí ilé-iṣẹ́ aládàáni lè fi wọlé. Fíjì àti Fanuatu gba ìkìlọ̀ lọ́dún 2012, ó di ọdún 2014 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ìkìlọ̀ ti Siri Láńkà di ìfòfindè: láti oṣù Kìíní ọdún 2015 títí di ọdún 2016, ẹja tí ọkọ̀ wọn pa kò wọ EU. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò ṣẹ̀ jìyà pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀. Nítorí èyí, ẹ má ṣe gbé gbogbo ọjà yín lé ibì kan. Ẹ wá ọ̀nà sí ọjà kejì kí ìyọnu tó dé.

Tí orílẹ̀-èdè bá wà lórí àkójọ, àwọn aláṣẹ yóò yẹ ilé-iṣẹ́ yín wò, wọn yóò fún un ní nọ́mbà, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ àkójọ EU. Lẹ́yìn náà, ìwé méjì ni yóò máa bá ẹrù kọ̀ọ̀kan lọ. Ọ̀kan ni ìwé ìlera tí àwọn aláṣẹ fọwọ́ sí. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí ìpẹja, tí orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ apẹja ń fi àsíá rẹ̀ fọwọ́ sí. Ó ti di dandan láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2010. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 2026, orí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní CATCH, ni ẹni tó ń kó ẹja wọ EU gbọ́dọ̀ ti fi í ránṣẹ́. Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ìwé tó rọrùn wà fún ọkọ̀ kéékèèké, fún àpẹẹrẹ èyí tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 12 tí kì í fa àwọ̀n káàkiri, tàbí èyí tí kò tó tọ́ọ̀nù 20. Ìwé kan lè kó ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà yàtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ẹja, FDA kì í béèrè ìwé ìlera lọ́wọ́ ìjọba yín. Ilé-iṣẹ́ yín ni yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú aṣojú tó ń gbé Amẹ́ríkà, ẹ ó sì máa tún un ṣe láàrin oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ní ọdún tí nọ́mbà rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì. Ẹni tó ń kó ẹja wọlé gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ètò HACCP yín ń ṣiṣẹ́. Kí ẹrù tó dé, a gbọ́dọ̀ ti fi tó FDA létí: wákàtí 8 ṣáájú tó bá gba ojú omi, wákàtí 4 tó bá gba òfurufú. Fún tuna, grouper, mahi-mahi àti àwọn mìíràn, ètò SIMP tún ń béèrè ìtàn ẹja náà láti inú òkun dé ibodè. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹran afọ́mọlọ́mú inú òkun ti ń dí ọ̀nà mọ́ ẹja láti ibi ìpẹja tí Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí. Ẹ bi ìjọba yín bóyá ibi ìpẹja yín wà lára àwọn tí wọ́n gbà.

Ṣáínà ń fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ kọ́sítọ́ọ̀mù rẹ̀, GACC, ìjọba yín ni yóò sì dábàá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹja fún wọn. Tí gbogbo èyí bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ́kọ́ tà fún erékùṣù tó múlé gbè yín tó ní òtẹ́ẹ̀lì púpọ̀. Ìwé rẹ̀ sábà máa ń dín, ẹ ó sì fi í kọ́ iṣẹ́.

6. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù

Owó yìí lè pa ọjà tó dára. Owó tí EU ń gbà lórí tuna inú agolo láti orílẹ̀-èdè tí kò ní àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ ni ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Agolo ẹni tí àdéhùn gbà láyè láìsan nǹkan kan sì ń jókòó tì í lórí pẹpẹ kan náà. Ṣùgbọ́n ẹja gbọ́dọ̀ jẹ́ ti yín lóòótọ́ nínú òfin: èyí tí a pa láàrin máìlì 12 sí etíkun yín kò níṣòro. Èyí tí a pa lókèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò wo àsíá ọkọ̀ àti ẹni tó ni ín. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó ra ẹja lọ́wọ́ ọkọ̀ àjèjì láti fi dí àlàfo.

7. Wíwá oníbàárà

Ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo nípa ọjà yín. Orúkọ ẹja pẹ̀lú orúkọ tí sáyẹ́ǹsì fún un, bíi Katsuwonus pelamis, nọ́mbà àgbègbè òkun tí FAO fún ibi tí ẹ ti pa á, ohun tí ẹ fi pa á, bí ẹ ṣe gé e, ìwọ̀n rẹ̀, bí ẹ ṣe dì í, iye tó wà nínú páálí, iye tí ẹ lè fi ránṣẹ́ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ oṣù tí ẹja kì í sí pẹ̀lú. Oníbàárà tó mọṣẹ́ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó sọ fún un pé oṣù Kẹfà àti Keje kò dára, ju ẹni tó ní ẹja ń bẹ nígbà gbogbo.

Ẹ má wá ilé ìtajà ńlá. Ẹ wá alágbàtà tó ń ra tọ́ọ̀nù kan sí méjì, tó ń tà fún ilé oúnjẹ. Ibi ìpàtẹ ńlá wà, ti Barcelona ní Yúróòpù àti ti Boston ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí olùwòran, kí ẹ ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá tí ẹ fẹ́ rí. Owó àgọ́ ìpàtẹ dára fún ọdún kejì.

Àmì MSC, tó ń fi hàn pé ìpẹja náà kò ba òkun jẹ́, ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn kan: Tristan da Cunha gbà á lọ́dún 2011, tuna tí wọ́n ń fi ọ̀pá àti okùn pa ní Maldives lọ́dún 2012. Ó ń ná owó, ó sì ń gba àkókò. Ẹ dúró títí oníbàárà kan yóò fi sọ pé òun yóò san owó lé e. Ìpẹja alọ́kọ̀ọ̀kan tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní iyì fúnra rẹ̀, tí ìwé inú ọkọ̀ bá lè jẹ́rìí rẹ̀.

8. Owó

Ohun tó ń pa ilé-iṣẹ́ kékeré níbí ni àkókò. Apẹja ń fẹ́ owó rẹ̀ létí omi lọ́jọ́ tó dé. Oṣù méjì ni ẹja fi wà nínú yàrá òtútù kí kọ̀ǹténà tó kún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lójú omi, oníbàárà sì ní òun yóò san lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá dé. Owó yín ti wà níta fún oṣù mẹ́rin ó lé. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí iye kankan, kí ẹ sì béèrè àsansílẹ̀.

Ìwé ìlérí báńkì (letter of credit), tí báńkì fi ń ṣèlérí láti sanwó tí ìwé ẹrù bá pé, dára fún ẹrù ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tó bá yàtọ̀ láàrin ínfọ́ìsì àti ìwé ẹrù ọkọ̀ lè dá owó náà dúró. Fún kọ̀ǹténà, ẹ lo FCA (ewu ẹrù bọ́ lọ́rùn yín nígbà tí ẹ bá fà á lé ẹni tó ń gbé e lọ́wọ́) dípò FOB (ó di ìgbà tí ẹrù bá wọ inú ọkọ̀) nínú àdéhùn, kí ewu má wà lọ́rùn yín ní gbogbo ọjọ́ tí kọ̀ǹténà fi jókòó sí èbúté.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn sínú àdéhùn: oníbàárà gbọ́dọ̀ fẹ̀sùn kàn láàrin wákàtí 48 tí ẹrù bá dé, pẹ̀lú fọ́tò, ìwọ̀n òtútù, àti àyẹ̀wò ẹni tí kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ kankan. Láìsí èyí, ẹ ó máa gba ìwé pé ẹja kò dára nígbà tí iye ọjà bá lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

9. Ẹrù àkọ́kọ́

Ẹ jẹ́ kó kéré. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gba ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ sí ibi méjì, ọ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọ̀kan láàrin. Ẹ fi ẹja díẹ̀ nínú ìpín náà pa mọ́ sí fíríìsà yín títí oníbàárà yóò fi san owó tán. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn kọ̀ǹténà, ẹ mú páálí kan láìṣà á, kí ẹ wo nọ́mbà rẹ̀, kí ẹ sì rí orúkọ ọkọ̀ tó pa ẹja náà kí wákàtí kan tó pé. Tí ẹ kò bá rí i, ẹrù náà kò tíì ṣe tán láti lọ. Yìnyín tí a fi bo ẹja dídì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwọ̀n tí ẹ kọ sára páálí.

Tí wọ́n bá kọ ẹrù náà, kì í ṣe ẹrù yẹn nìkan ni ó ṣòfò. EU ń tẹ ìròyìn rẹ̀ sí RASFF, ètò ìkìlọ̀ rẹ̀ lórí oúnjẹ, níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ tí ẹja rẹ̀ ní histamine lè wọ Import Alert 16-105, ọ̀kan lára àkójọ ìkìlọ̀ FDA. Láti ìgbà náà, wọn yóò máa dá gbogbo ẹrù rẹ̀ dúró láìtilẹ̀ ṣí i, àfi tó bá fi àyẹ̀wò láàbù hàn pé ó mọ́, ó sì sábà máa ń gba ó kéré tán ẹrù 5 tó mọ́ léraléra kí wọ́n tó lè yọ orúkọ rẹ̀. Ẹ máa ka RASFF àti Import Alert fúnra yín lóṣooṣù. Ẹ ó rí ohun tó ń ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ẹja yín, ẹ ó sì lè yẹ ibẹ̀ wò nílé kó tó kàn yín.

Tí ẹrù mẹ́ta bá dé láìsí ẹ̀sùn, tí owó sì wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ìgbà yẹn ni kí ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn ọdún kan, kí ẹ sì fi ìwé òtútù ẹrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì nígbà tí ẹ bá ń béèrè pé kó fi owó kún un.